VIH, ìdẹ́yẹsí àti ìtọ́jú: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ

Ní ẹkùn wa yìí ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ, oògùn tó ń tẹ kòkòrò VIH rì wà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ gbà á, àwọn mìíràn a sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pa á tì, nítorí ohun tí ẹbí, aládùúgbò tàbí òṣìṣẹ́ ìlera yóò sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé pípa àṣírí ènìyàn mọ́ àti bíbọ̀wọ̀ fún un wà lára ìtọ́jú náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí oògùn ṣe wà lára rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí a kó jọ síhìn-ín ni àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ṣé ohun kan náà ni VIH àti SIDA?

Rárá. VIH ni kòkòrò náà. SIDA ni ipò àìlera tí ara máa ń bọ́ sí nígbà tí kòkòrò náà bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ba agbára ìdáàbòbò ara jẹ́ láìsí ìtọ́jú. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pe kòkòrò náà ní HIV, wọ́n sì ń pe àìsàn náà ní éèdì. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè gbé pẹ̀lú VIH títí di ọjọ́ ogbó láìní SIDA rárá.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èsì àyẹ̀wò mi, ó dà bíi pé n kò mọ irú ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Ṣé bí yóò ṣe máa rí nìyí?

Kò ní máa rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè sọ fún yín iye àkókò tí yóò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé wọ́n ti kọ ọ́ sí wọn níwájú orí: wọ́n á rìn kọjá lọ́jà, wọ́n á rò pé gbogbo ojú ló ń wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n wọn á pè wọ́n, wọ́n á rò pé ó ti gbọ́. Ìpayà yìí kì í ṣe àmì pé orí yín dàrú. Ìròyìn tó wúwo ni ẹ gbọ́, ọkàn sì nílò àkókò láti gbé e.

Ẹ rántí ohun tí ẹ jẹ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lára yín. Ẹ ní orúkọ tí wọ́n sọ yín lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ ní oríkì, ẹ ní agbo ilé tí ẹ ti jáde wá, ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ yín àti àwọn tó ń fi orúkọ ọmọ yín pè yín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kòkòrò kan lè gbà lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni pé nǹkan kan ti yí padà: oògùn ojoojúmọ́ wà, ọjọ́ tí dókítà dá wà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ìwọ̀nyí gba gbogbo ayé wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rárá, wọ́n á ju oògùn nù. Ọ̀nà méjèèjì ń pani lára, èkejì sì burú jù nítorí pé kòkòrò náà kò ní dúró de ẹni tó bá sẹ́ ẹ.

Ohun tó máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ jù lọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i, ni kí ó bá ẹlòmíràn tó ti wà ní ipò kan náà sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìtọ́jú ní Benin, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní médiateur, tí àwọn náà ń gbé pẹ̀lú VIH, tí iṣẹ́ wọn sì jẹ́ láti gba ẹni tuntun sọ́dọ̀, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún un ní èdè tó gbọ́. Ẹ má ṣe kọ̀ láti rí wọn. Wíwo ẹni tó ti ń lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń ṣòwò, tó ń tọ́ ọmọ, máa ń ṣe ohun tí ìwé ìṣàlàyé kankan kò lè ṣe.

Èé ṣe tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń ba àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí oògùn ti wà?

Ìbẹ̀rù náà ní ìtàn. Ní 1981 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn yìí. Ní 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur ní Paris rí kòkòrò tó ń fà á. Nígbà tó fi máa di 1985, wọ́n ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní SIDA ní Benin. Àpapọ̀ oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà rì dáadáa kò dé títí di 1996, ó sì di 2002 kí orílẹ̀-èdè wa tó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ láti pín in fún àwọn ènìyàn.

Ẹ wo gbogbo ọdún tó wà láàárín 1985 sí 2002. Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà rí aládùúgbò tó rù títí tó fi kú, wọ́n sì rí àwọn àwòrán agbárí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti fi dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Àwòrán yẹn ni ó kù lójú wọn. Lórí rẹ̀ ni wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ àgbèrè, èpè àti àjẹ́ lé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní kòkòrò náà á di ẹni tí wọ́n ń bi pé kí ni ó ṣe kí ó tó ní in. Ìyàwó tó jẹ́ olóòótọ́ sí ọkọ rẹ̀ lè ní in. Ọmọ jòjòló lè ní in. Ẹni tó sì ní in láti ọ̀nà mìíràn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀.

Ṣé a lè kó o nípa jíjẹun pọ̀, mímu omi nínú ife kan náà, lílo ilé ìgbẹ́ kan náà tàbí nípa ẹ̀fọn?

Rárá, lórí gbogbo wọn. Ìbálòpọ̀ láìsí ààbò, ẹ̀jẹ̀ (abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹlòmíràn ti lò wà lára èyí) àti láti ara ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nínú ọmú ni ọ̀nà tó ń gbà ràn. Yíya abọ́ ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú ilé kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Wọ́n sọ fún mi pé àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí fún èmi àti ọkọ mi?

Ó túmọ̀ sí pé ẹ kò lè kó o ràn án nípa ìbálòpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń bá oògùn náà lọ, tí àyẹ̀wò sì ń fi hàn bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó gbé e ró. Ní 2016, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PARTNER jáde, nínú èyí tí wọ́n ti tọpa àwọn méjì-méjì 888 ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ọ̀kan nínú wọn ní kòkòrò tí a ti tẹ̀ rì, tí èkejì kò sì ní in. Nínú ìbálòpọ̀ tó tó nǹkan bí 58,000 láìsí kọ́ńdọ̀mù, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o láti ara ẹnì kejì rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2023 pé kò sí ewu kíkó o ràn nípa ìbálòpọ̀ nígbà tí àyẹ̀wò kò bá rí i mọ́. Kọ́ńdọ̀mù ṣì wúlò láti dènà àwọn àrùn mìíràn àti oyún tí a kò fẹ́.

Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àyẹ̀wò wọn ti dára fún ìgbà pípẹ́ kò tíì gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Ẹ béèrè èsì yín lọ́wọ́ dókítà. Tiyín ni.

Ta ló yẹ kí n sọ fún?

Ẹ̀yin ni ẹ ni àṣírí náà, ẹ̀yin náà ni ẹ óò sì yan ẹni tí yóò bá yín gbé e. Kò sí òfin tó ní kí ẹ sọ fún ìyá ọkọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́, onílé tàbí olórí ẹgbẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ní ìbálòpọ̀ yàtọ̀, nítorí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe àyẹ̀wò fún ara rẹ̀, àti pé òfin ilẹ̀ wa ní ìyà fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kó kòkòrò náà ran ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í rọrùn. Nínú ilé tí ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó lóyún, ni wọ́n máa ń fi ẹ̀sùn kàn pé òun ló gbé e wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò kì í sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á lù yín tàbí pé wọ́n á lé yín jáde, ẹ má ṣe dá nìkan sọ ọ́ nílé. Ẹ sọ ìbẹ̀rù náà fún agbẹ̀bí, dókítà tàbí médiateur. Ọ̀nà kan wà tí àwọn ibùdó ìtọ́jú máa ń lò: wọn á pe ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, wọn á sì fún wọn ní èsì lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú ẹni tó mọ bí a ti ń pẹ̀tù sọ́kàn.

Ní ti àwọn yòókù, ẹnì kan ṣoṣo tó lè pa àṣírí mọ́ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àṣírí ẹlòmíràn kí ẹ tó gbé tiyín lé e lọ́wọ́.

Ṣé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè sọ ọ́ fún ẹbí mi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi?

Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ pàápàá kí VIH tó dé ni ìtọ́jú ti dúró lórí àṣírí láàárín aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, òfin tí Benin sì gbé jáde ní 2006 lórí VIH dá ààbò bo àṣírí yìí, ó sì fi òfin de ìyàsọ́tọ̀. Pé àbúrò yín ló sin yín wá sí ilé ìwòsàn, pé òun ló sanwó àyẹ̀wò mìíràn, tàbí pé nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ará agbo ilé yín, kò yí èyí padà.

Wọ́n hùwà tí kò dára sí mi níbi tí mo ti ń gba oògùn. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe máa ń rí, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é pàápàá kì í mọ̀ nígbà mìíràn. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àwọn tó wá gba ìtọ́jú VIH ló ń jókòó sí, tí àwọ̀ carnet (ìwé ìtọ́jú) wọn sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Nọ́ọ̀sì á yọjú lójú fèrèsé, á sì pariwo pé kí «àwọn tó wá gba ARV», ìyẹn oògùn VIH, bọ́ síwájú. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Ouando á rí oníbàárà rẹ̀ kan tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára; á fa ìborùn bo ojú, á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi, kò sì ní padà wá. Lóṣù yẹn, oògùn rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó lù ú, ìtọ́jú rẹ̀ sì ti já.

Àwọn ìwà mìíràn máa ń hàn kedere ju èyí lọ: kí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kan ènìyàn, kí wọ́n sọ fún obìnrin pé kó má bímọ mọ́, kí wọ́n fi aláboyún sílẹ̀ títí gbogbo àwọn yòókù á fi bímọ tán. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí yín. Ẹ bá médiateur sọ̀rọ̀, kí ẹ sì rí ọ̀gá ibùdó náà. Bí èyí kò bá yọrí sí rere, àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé pẹ̀lú VIH wà ní Benin, wọ́n sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè láìdárúkọ yín. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró láti fi bínú sí wọn. Ara yín ni yóò san gbèsè náà.

Ó yẹ kí a tún rántí pé àwọn tó ní àìsàn yìí fúnra wọn ló kọ́kọ́ béèrè fún ọ̀wọ̀ yìí. Ní 1983, nígbà tí kò tíì sí oògùn kankan, àwọn kan nínú wọn kóra jọ ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí, sí ìtọ́jú láìsí ìyàsọ́tọ̀, àti láti kópa nínú gbogbo ìpinnu tó kan àwọn.

Kétu ni mò ń gbé. Ṣé mo lè lọ máa gba oògùn mi ní ìlú mìíràn kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Kétu á lọ sí Pobè tàbí Àjàṣẹ́, ará Ṣábẹ á lọ sí Parakou tàbí Kútọnu. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹ kàn ro owó ọkọ̀ dáadáa, àti àkókò òjò tí ọ̀nà máa ń bàjẹ́, nítorí pé oògùn ọ̀fẹ́ tí ẹ ní láti fi owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan lọ gbà kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Bí ìwọ̀n kòkòrò yín bá ti wálẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà níyànjú fún ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró. Bí ẹ bá fẹ́ yí ibùdó padà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ibùdó àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà kà yín mọ́ àwọn tó sá lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tí ìwé sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

A dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a kò tọ́jú bá gún òṣìṣẹ́ ìlera, ewu kíkó VIH jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 1,000. Bí ẹni náà bá ń lo oògùn dáadáa, ó kéré sí èyí jìnnà. Kòkòrò hẹpatáítísì B ń ràn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ ẹ kò ya abọ́ ẹni tó ní in sọ́tọ̀. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ fún gbogbo aláìsàn bákan náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ tó ní VIH kò tíì mọ̀. Wíwọ ìbọ̀wọ́ méjì fún ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá ń tú àṣírí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ lanu. Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, oògùn ìdènà wà: kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, kí ẹ sì lò ó fún ọjọ́ 28.

Mo lóyún. Ṣé ọmọ mi yóò ní in, ṣé mo sì lè fún un lọ́mú?

Láìsí ìtọ́jú, ewu náà wà láàárín 15 sí 45 nínú 100. Pẹ̀lú oògùn, ó lè lọ sílẹ̀ ju 5 nínú 100 lọ, bí ẹ bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ tí kòkòrò náà ti wálẹ̀ kí ẹ tó bímọ, ó tún kéré sí i. Ọmọ náà yóò mu oògùn tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò nígbà tó bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ àyẹ̀wò yìí falẹ̀. Èsì tó kẹ́yìn máa ń jáde lẹ́yìn tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú.

Ẹ lè fún un lọ́mú. Fún ọ̀pọ̀ ìyá, èyí ni ìtura tó tóbi jù lọ, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ìyá tí kò bá fún ọmọ lọ́mú ni wọ́n máa ń bi léèrè kí ọjọ́ ìkómọ tó kọjá. Ọmú nìkan ni kí ọmọ náà mu fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi oúnjẹ kún un, kí ẹ sì máa bá ọmú lọ ó kéré tán títí di ọdún kan, tí ẹ̀yin náà ń lo oògùn yín láìpa ọjọ́ jẹ. Ibi tí wàhálà máa ń wà ni ìyá àgbà tó gbé omi gbígbóná àti àgbo dání láti fi bọ́ ọmọ tuntun. Ẹ kò ní láti sọ àṣírí yín fún un kí ó tó dáwọ́ dúró; ẹ ní agbẹ̀bí ló sọ pé ọmú nìkan ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ mu fún oṣù mẹ́fà. Òótọ́ ni, bí wọ́n sì ṣe ń sọ fún gbogbo ìyá nìyẹn.

Olùṣọ́àgùntàn mi ní kí n fi oògùn sílẹ̀ kí n máa gbàdúrà. Oníṣègùn kan náà sì sọ pé òun lè wò ó sàn.

Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa lo oògùn. Títí di òní, kò sí àgbo kankan tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń mú VIH kúrò lára, bí ẹ bá sì dá oògùn dúró, kòkòrò náà yóò gbérí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ń lo egbòogi fún nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn inú ríro tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún pàápàá lè dí dolutegravir, tó wà nínú oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí, lọ́wọ́ bí ẹ kò bá fi àkókò sí àárín wọn.

Fún àwọn Mùsùlùmí tó ń béèrè nípa Ramadan: oògùn tó jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́ ṣeé lò nígbà ìṣínu tàbí nígbà sààrì. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lé e títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Ní ti àwọn ìjọ tó ń béèrè àyẹ̀wò kí wọ́n tó so yìgì, a rò pé ó dára kí àfẹ́sọ́nà méjèèjì mọ ipò ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì nìkan ló yẹ kí èsì náà dé ọwọ́ wọn. Kò yẹ kó dé tábìlì ìgbìmọ̀ ìjọ.

Ṣé ọ̀gá mi lè fi ipá mú mi ṣe àyẹ̀wò?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 200, ti ọdún 2010, pé a kò gbọ́dọ̀ béèrè àyẹ̀wò VIH lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó ń wá iṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ lé ènìyàn kúrò nítorí rẹ̀.

Ọmọ mi tó pé ọdún mẹ́sàn-án ń béèrè ìdí tí òun fi ń lo oògùn lójoojúmọ́. Kí ni kí n sọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́ fún un díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà níyànjú pé kí ọmọ tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ ipò ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òye rẹ̀ bá ṣe tó. Ẹ lè kọ́kọ́ sọ pé kòkòrò kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí oògùn ń mú sùn, pé kò ṣe ohun búburú kankan kí ó tó ní in, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tó bá yá. Irọ́ pé «oògùn ibà ni» máa ń já nígbà tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́tàlá tí ó ka ara páálí oògùn fúnra rẹ̀. Nígbà náà, ìbínú sí òbí ni yóò fi ju oògùn nù. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó lè bá a sọ ọ́: ẹ̀yin, ìyá àgbà bó bá mọ̀, àti dókítà. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ, ẹ ní kí médiateur wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún mú un lọ gba oògùn.